Ẹ Mọ Ọgbà Yí Omi Yẹn Ká

Ilé wa,
Ẹ̀rúnmu.

Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ tí mo fi ń yangàn,

Àlàáfíà ni gbogbo ilé wà níbí, àfi àyà mi. Màmá rẹ ní kí n má kọ lẹ́tà yìí rárá. Ó ní ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọ ilé tuntun, inú yín ń dùn, mo fẹ́ lọ ba ayọ̀ yín jẹ́.

"Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ gbádùn ilé wọn," ló wí. "Ẹ̀yin tí ẹ ń bẹ̀rù omi inú dúrọ́ọ̀mù!"

Kò parọ́ mọ́ mi. Bí dúrọ́ọ̀mù bá kún, èmi kì í tẹ orí wo inú rẹ̀. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Ó ní tó bá jẹ́ pé dandan ni, kí n pè ọ́ lórí fóònù. Mo ní rárá. Lórí fóònù, n kò ní tíì sọ ìdajì ọ̀rọ̀ tí wàá ti ní, "Dádì, mo ti gbọ́," tí wàá sì bi mí bóyá mo ti lo oògùn mi. Ìwé kò ṣeé já lu. Bí o bá ń kánjú lọ sí ibi iṣẹ́, gbé e kalẹ̀, kí o sì padà wá kà á tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Ṣùgbọ́n kà á kí ọjọ́ ìṣílé tó dé o. Mo bẹ̀ ọ́.

Má rò pé ilé náà kò wù mí. Ilé gidi ni. Nígbà tí bọ́ọ̀sì já mi sílẹ̀ ní Adégbayì, tí Délé ọkọ rẹ wá fi mọ́tò gbé mi, mo ti ń dúpẹ́ kí n tó dé géètì. Mo rí pálọ̀, mo rí yàrá tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún èmi àti Màmá rẹ, mo sì rí ilé ìdáná tó tóbi ju kíláàsì tí mo ti kọ́kọ́ ṣe tísà lọ. Mo gbàdúrà ní gbogbo igun ilé náà. Ìgbà tí ọkọ rẹ ní, "Dádì, ẹ wá wo ẹ̀yìnkùlé," ni nǹkan yí padà.

Ìwọ wà ní ilé ìdáná nígbà náà, o ò mọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀, nítorí náà jẹ́ kí n rò ó fún ọ. Délé ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, omi náà sì ń wò wá lójú kòròkòrò. Kò tó ibi tí mo lè ju òkúta sí láti ẹnu ọ̀nà ìdáná yẹn. Ó ní ẹni tí ẹ ra ilé lọ́wọ́ rẹ̀ ló ṣe adágún ìlúwẹ̀ẹ́ náà, púùlù ni ẹ̀yin ń pè é. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀. Mo ní àwa fi agolo bu omi wẹ̀ títí a fi dàgbà, a ò rùn. Ẹ̀yin tọkọtaya ló wá di ẹja. Ó rẹ́rìn-ín. Ó wá ń fi ọwọ́ júwe ibi tí òun fẹ́ gbin igi sí. Ó ní àwọn tó wà ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ẹ̀yìn ilé yín máa ń dúró lókè wo yín bí ẹ bá ń lúwẹ̀ẹ́, ojú sì ń tì ọ́. Ó ní òun á gbin igi tó ga tó sì dí, yóò bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná, yóò sì yí omi náà ká pátápátá, títí tí ẹnikẹ́ni kò fi ní rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Títí tí ẹnikẹ́ni kò fi ní rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Bó ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn, Àbẹ̀kẹ́.

Ibi tó ti ń sọ̀rọ̀ ni Ìbùkún ọmọ yín ti bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, ó sọ ọ́ sínú omi. Bàtà náà léfòó. Ọmọ náà pàtẹ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbé ẹsẹ̀ láti lọ mú un. Ọmọ tó ṣì ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ bí ó bá ń rìn! Ẹ̀yìn ẹ̀wù rẹ̀ ni mo fà, bọ́tìnnì ẹ̀wù náà sì já dànù. Délé ní, "Dádì, ẹ má mikàn, ó kàn fẹ́ràn omi ni." Ìwọ náà yọjú láti ojú fèrèsé, o ní, "Ìbùkún! O tún ti sọ bàtà sómi, àbí?"

O tún ti sọ bàtà sómi. Ìyẹn ni pé kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́. Ìyẹn ni pé ó ti dé etí omi yẹn rí nígbà tí èmi kò sí níbẹ̀ láti fa ẹ̀wù rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé wọ bọ́ọ̀sì, òun ni mo gbé délé. Láti ọjọ́ náà, bí fóònù bá ti dún, Màmá rẹ ni mo ń ní kó gbé e, kó má baà jẹ́ ìròyìn burúkú.

Mo bi Délé pé, "Ọgbà wo ló wá yí omi yìí ká?" Ó yà á lẹ́nu. Ó na ọwọ́ sí fẹ́ǹsì ìta. "Dádì, fẹ́ǹsì rèé. Kò sí ẹni tó lè fò ó." Òótọ́ ni. Ó ga, ẹ to àfọ́kù ìgò sórí rẹ̀, ẹ sì ní mẹ́gáàdì ní ẹnu géètì. Bàbá ìyàwó kì í lọ pàṣẹ nínú ilé ọkọ ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kí n kọ̀wé sí ìwọ tí o jẹ́ ọmọ mi. Bí ọkọ rẹ bá bínú, sọ fún un pé èmi ni kó bínú sí.

Jẹ́ kí n wá sọ ìdí tí ẹ̀rù omi fi ń bà mí. O máa ń gbọ́ tí èmi àti Màmá rẹ ń dárúkọ Tísà Adéọlá, o sì mọ̀ pé ọmọ wọn kan kú. O ò mọ bó ṣe kú. A kì í sọ ọ́.

Abúlé kan ní apá Lágelú ni mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tísà, n kò tíì gbéyàwó. Inú ọgbà ilé ìwé ni àwa tísà ń gbé. Tísà Adéọlá ni ọ̀gá wa, ìyàwó wọn sì ni gbogbo wa ń pè ní Màmá Kọ́lá. Omi wọ́n lábúlé náà, nítorí náà Tísà ní kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, kí omi òjò máa ti orí páànù ṣàn sínú rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ náà ni a ti ń wẹ̀. Kí ojú má baà máa ti àwọn obìnrin, kí ewúrẹ́ má sì kó sínú omi, a gbin pèrègún yí ibẹ̀ ká. Èmi náà wà lára àwọn tó gbìn ín. Mo gbìn ín mọ́ra wọn, mo ń bomi rin ín, mo sì ń fi í yangàn. Nígbà tí ọdún fi yí po, ó ti dí pa. Ẹni tó wà níta kò lè rí ẹni tó wà nínú. Àlejò tó bá dé á ní, "Ẹ kú ọ̀ṣọ́ o." Ewúrẹ́ kan kò gba ibẹ̀ kọjá rí. Kò sí ẹni tó rò pé ọmọ tó ń rìn tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́ kéré ju ewúrẹ́ lọ.

Lọ́jọ́ kan, nígbà ọlidé, gbogbo wa wà lábẹ́ igi ọsàn, a ń jẹ àgbàdo sísun. Kọ́lá wà lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Àfi bí mọ́tò ṣe dúró lójijì. Bàbá tó bí Màmá Kọ́lá ló dé, wọ́n wá láti Ẹgbẹ́dá, wọn ò ránṣẹ́ ṣáájú. Àna dé! O mọ bó ṣe máa ń rí. Gbogbo wa dìde. Tísà sáré dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú iyẹ̀pẹ̀, àwa ọ̀dọ́ sì tẹ̀lé e. Màmá Kọ́lá gbé ọmọ sílẹ̀ kó lè fi eékún méjèèjì kúnlẹ̀ fún bàbá rẹ̀, nítorí obìnrin tí wọ́n kọ́ kì í fi ìdajì ara kí òbí.

Ìkíni náà gùn. Bàbá béèrè ilé, wọ́n béèrè oko, wọ́n béèrè iṣẹ́. Wọ́n ki ọmọ wọn ní oríkì lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, omi ayọ̀ sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ẹnìkan gbé àga, ẹnìkan lọ bu omi, ẹnìkan gba báàgì. Nígbà tí Bàbá jókòó tán, wọ́n ní, "Kọ́lá ọmọ mi dà?"

Màmá Kọ́lá wo Tísà. Tísà wo èmi. Èmi wo ìyàwó tísà kejì. "Mo rò pé ọwọ́ yín ló wà." "Ṣebí ẹ̀yin lẹ gbé e." A wá a lábẹ́ ibùsùn. A wá a lọ sí ojú títì, a wá a dé inú oko àgbàdo, a ń pe orúkọ rẹ̀. Ìgbẹ̀yìn gbogbo rẹ̀ ni a tó dé ibi pèrègún, nítorí pé láti ìta, ohun gbogbo pa rọ́rọ́ níbẹ̀, ewé tútù nìkan ni à ń rí. Tísà fi ọwọ́ la ewé náà sí méjì.

N kò ní kọ ìyókù rẹ̀ sílẹ̀. Ó kú, Àbẹ̀kẹ́. Àwa tí a ń wá a pọ̀ tó láti kún ìdajì ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì kú sí ibi tí a lè gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹnìkan ṣoṣo nínú wa bá dákẹ́ jẹ́ẹ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Màmá Kọ́lá gbé àdá, ó gé pèrègún náà tán pátápátá. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ran òun lọ́wọ́. Ó kó o sí ẹ̀yìn ilé ìwé, kò pẹ́ tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í hù níbi tó dà á sí, nítorí pèrègún kì í kú bọ̀rọ̀. Bàbá tó wá kí ọmọ rẹ̀ yẹn, títí wọ́n fi kú, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ fún wọn mọ́. Bí o bá fẹ́ kúnlẹ̀, wọ́n á di ọ́ lápá mú, wọ́n á ní, "Ọmọ rẹ dà? Kọ́kọ́ fi ọmọ rẹ hàn mí."

O wá rí i. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Nítorí náà, gba ìmọ̀ràn mi báyìí, nígbà tí kò tíì di àbámọ̀.

Èkínní, fẹ́ǹsì olè kì í ṣe fẹ́ǹsì ọmọ. Àwa ará ibí mọ bí a ti ń dènà ẹni tó ń bọ̀ láti ìta, a sì máa ń rò pé bí géètì bá ti wà ní títì, ewu ti parí. Ìbùkún kò ní gba orí àfọ́kù ìgò wọlé. Inú ilé ló wà. Ilẹ̀kùn ìdáná ni yóò gbà, pẹ̀lú bàtà kan lẹ́sẹ̀, nígbà tí o bá ń ro ọkà lọ́wọ́. Omi yẹn gbọ́dọ̀ ní ọgbà tirẹ̀, ní ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wẹ́dà tí yóò jó irin rẹ̀ lè sọ fún yín pé kí ẹ fi ògiri ilé ṣe ẹ̀gbẹ́ kẹrin, kí owó irin lè dínkù. Ẹ má gbà fún un. Ẹ̀gbẹ́ ilé yẹn gan-an ni ewu ti ń bọ̀.

Èkejì, irú ọgbà wo? Kì í ṣe búlọ́ọ̀kù, nítorí ojú kì í la búlọ́ọ̀kù kọjá. Irin ni, irin tó dúró ṣánṣán, kí ẹ lè máa rí omi láti inú ilé. Kó ga dé àyà Délé, Délé náà sì ga. Kí àlàfo àárín irin kan sí èkejì má gba orí ọmọ. Kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ má jìnnà sílẹ̀ débi tí ọmọ á fi rá kòrò gba abẹ́ rẹ̀. Wàyí o, o mọ àwọn wẹ́dà wa, wọn ò lè rí irin kí wọ́n má dá àrà sí i. Wọ́n á fẹ́ ká a bí òdòdó, wọ́n á fẹ́ fi ọ̀pá dábùú àárín rẹ̀, wọ́n á fẹ́ ya ẹyẹ sí i. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Gbogbo àrà tó bá wà ní àárín irin, àtẹ̀gùn ni fún ọmọ. Irin gbọọrọ lásán ni mo fẹ́, kó burẹ́wà bó bá fẹ́ burẹ́wà. Wáyà oníhò ńkọ́? Rárá. Ọmọ á ti ọmọ ìka ẹsẹ̀ bọ ihò, á sì gùn ún bí alángbá.

Ilẹ̀kùn ọgbà náà ni kí ẹ ṣọ́ jù. Kó máa ṣí síta, kó má máa ṣí sí ìhà omi, kí ọmọ tó bá fi ara tì í má baà fi ìwúwo ara rẹ̀ ṣí i. Kí ẹ fi sípíríǹgì sí i, kó lè máa pa ara rẹ̀ dé bí ẹni tó kọjá bá tilẹ̀ gbàgbé. Kí ìkọ́ tó ń dè é wà lókè, ní ìhà inú, níbi tí ọwọ́ ọmọ kò lè tó. Lẹ́yìn èyí, ẹ má ṣe fi búlọ́ọ̀kù gbé e dúró ní ṣíṣí. Mo mọ̀ wá. Bí a bá ń kó abọ́ wọlé-jáde, nǹkan àkọ́kọ́ tí a máa wá ni òkúta tí a ó fi gbé ilẹ̀kùn dúró. Ẹni tó bá gbé òkúta síbẹ̀, bó ṣe arúgbó, bó ṣe àlùfáà, kí ẹ sọ fún un pé kó gbé e kúrò.

Ẹ kó gbogbo nǹkan tó ṣeé gùn kúrò lẹ́bàá ọgbà. Àga rọ́bà, kẹ́ẹ̀gì, odó tí a dojú rẹ̀ dé, jẹnẹrétọ̀. Mo rí odó kan níbẹ̀. Odó Màmá rẹ ni, mo mọ̀ ọ́n. Ẹ gbé e wọlé.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ igi, ibi tí èmi àti ọkọ rẹ kò tíì fẹnu kò sí. N kò sọ pé kí ẹ má gbin igi. Ojú àwọn ará pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kò dára, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa wo ọmọ mi níhòòhò bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n ibi tí ojú àlejò ti ń wá ni kí ẹ gbin igi sí. Ẹ gbìn ín mọ́ fẹ́ǹsì ìta, ní ìhà pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Láàárín ilé ìdáná àti omi, ẹ má gbin ohunkóhun. Koríko kúkúrú nìkan ni kó wà níbẹ̀. Bí o bá gbé ojú sókè níbi tí o ti ń fọ abọ́, omi ni kí o rí, kì í ṣe ewé. Igi tí kò jẹ́ kí ará ìta rí yín, bí ẹ bá gbìn ín síbi tí kò yẹ, kò ní jẹ́ kí ẹ̀yin náà rí ọmọ yín.

Irú igi náà tún ní tirẹ̀. Ẹnìkan lè ní kí ẹ gbin lápálàpá nítorí ó tètè ń hù. Èso rẹ̀ máa ń dùn lẹ́nu ọmọdé, ó sì máa ń dá wọn lóró. Àwa tísà ti gbé ọmọ tó jẹ ẹ́ lọ sí ọsibítù rí. Igi tí wọ́n ń pè ní oró náà kò dára, oje rẹ̀ lè fọ́ ojú. Ẹ má gbin máńgòrò tàbí gúáfà síbẹ̀, èso ń pe ọmọ, kì í sì í pe tilé nìkan. Ẹ má gbin ọparun, ejò fẹ́ràn ìdí rẹ̀. Ẹ má gbin ọ̀dán, gbòǹgbò rẹ̀ á la sìmẹ́ǹtì. Igi tí àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ń pè ní masikirédì, èyí tó ga tí ewé rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀ bí aṣọ eégún, ìyẹn dára ní ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì. Bí Délé bá fẹ́ pèrègún, kó gbìn ín sọ́hùn-ún. Èmi ò ní bá a gbìn ín, ṣùgbọ́n n kò ní bá a jà.

Kí ẹ máa gbá ewé kúrò lójú omi lójoojúmọ́. Bí ewé bá bo omi, ọmọdé á rò pé ilẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ yìí nìkan tó láti lé oorun lójú mi.

Mo ti gbàgbé iye tí mo kà dé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwọn ọmọ àdúgbò. Mo rí wọn tí wọ́n ń gbé korobá wọlé wá pọn omi nínú bọ́hóòlù yín. Inú mi dùn sí i, bí mo ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n géètì máa ń wà ní ṣíṣí nígbà tí wọ́n bá ń wá, àwọn àbúrò wọn kéékèèké sì máa ń tẹ̀lé wọn. Ẹ fa páìpù gba abẹ́ fẹ́ǹsì, kí ẹ fi ẹ̀rọ omi síta, kí wọ́n máa pọn ọ́n níbẹ̀. Ẹ máa ṣe oore yín lọ. A máa ń sọ pé omi ò lọ́tàá, bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n omi ò lọ́rẹ̀ẹ́ náà. Kò mọ ọmọ ẹni tó ni ín yàtọ̀ sí ọmọ aládùúgbò.

Kí wẹ́dà tó dé, ẹ fa omi náà gbẹ. Kì í ṣe ìdajì o, ẹ fa gbogbo rẹ̀. Bí òjò bá tún rọ̀ sí i, ẹ tún fà á. Omi tí kò kọjá kókósẹ̀ rẹ lè gbé ọmọ tó bá dojú bolẹ̀. Bí ọgbà náà kò bá tíì parí, ẹ sún ìṣílé síwájú. Àwọn ẹbí á kùn, ẹ jẹ́ kí wọ́n kùn. Bí ẹ kò bá sún un, èmi ò ní wá, mo sì fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe ẹ̀jẹ́. Màmá rẹ ní mi ò lè dán an wò. Ẹ jẹ́ kó máa wò mí.

Bí o bá fẹ́ bá ọkọ rẹ sọ ọ́, má bá a sọ ọ́ lójú àlejò, má sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Dádì mi ní." Mú un lọ sí ẹnu ọ̀nà ìdáná, ní kó lóṣòó kí orí rẹ̀ má ga ju ti Ìbùkún lọ, kó wo omi láti ibẹ̀. Délé kì í ṣe olórí kunkun. Ó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ ju bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ lọ, ìyẹn sì pọ̀.

Ọgbà nìkan kò tó, Àbẹ̀kẹ́. Ilẹ̀kùn lè bàjẹ́, irin lè dógùn-ún. Wọ́n ní ẹnìkan ní í bí ọmọ, igba ènìyàn ní í wò ó. Èmi ti rí igba ènìyàn. Wọ́n wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Kọ́lá kú, olúkúlùkù gbójú lé ẹnìkejì. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí èrò bá pọ̀, ẹ yan ẹnìkan. Ẹ pe orúkọ rẹ̀, kó dáhùn pé, "Èmi ni mo wà pẹ̀lú ọmọ." Bó bá fẹ́ dìde, kó kọ́kọ́ fa ọmọ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, kí ẹni náà sì fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn kó tó lọ. Ẹni tó bá wà lórí iṣẹ́ yìí kì í bu oúnjẹ, kì í gbé àga, kì í wo fóònù, kì í sì í kí ènìyàn.

Kì í kí ènìyàn. Mo mọ bí yóò ṣe rí lọ́jọ́ ìṣílé. Mọ́tò á dúró níta. Ẹnìkan á pariwo pé, "Bàbá ìyàwó ti dé o!" Gbogbo ilé á dìde. Délé á sáré wá dọ̀bálẹ̀, àwọn ìyá rẹ̀ á máa bọ̀, ìwọ náà á fẹ́ gbé ọmọ sílẹ̀ kí o lè kúnlẹ̀ fún mi bí mo ṣe kọ́ ọ. Èmi ni àna tó ń bọ̀, Àbẹ̀kẹ́. Ẹ̀rù ara mi ń bà mí.

Bí ó bá jẹ́ ìwọ lo wà pẹ̀lú ọmọ nígbà tí mo bá wọlé, má dìde. Má kúnlẹ̀. Má tilẹ̀ wo apá ọ̀dọ̀ mi. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ọmọ Tísà kò lẹ́kọ̀ọ́, dá a lóhùn pé bàbá rẹ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Gbé ọmọ rẹ mọ́ra, kí o sì jókòó síbi tí o wà. Èmi ni n óò rìn wá bá ọ níbẹ̀, èmi ni n óò kọ́kọ́ kí ọ.

Èmi ni bàbá rẹ.